Àga Kò-Yé-Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ti kú. Lẹ́nu, "ẹ" ni mo máa ń pè é, torí ó jù mí lọ dáadáa. Níbí, "ó" ni màá máa lò. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Àwọn yòókù ni "wọ́n".

Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì. Olùkọ́ àdéhùn ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà, bí ẹni ń yá ọkọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ohun tó ń wá kò ju kí wọ́n gbà á síṣẹ́ pátápátá lọ, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ kò ní orúkọ. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí lábẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n fún un. Ó to àwọn korobá sí igun kan, ó gbé tábìlì sí igun kejì. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, ó ní kí n má wojú korobá, àwọn ló kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n.

Inú yàrá yẹn ni àga náà wà.

Àga ilé wa ni. Ilé ìdáná wa ló wà kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa kò fẹ́ kéèyàn sọ pé nǹkan kò yé òun. Tí o bá sọ ọ́, pàṣán ló máa bá ẹ ṣàlàyé. Mo dákẹ́, mo ń dákẹ́, títí ìwé fi sá fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi jókòó sórí àga yẹn nílé ìdáná. Ó ní kí n sọ ọ́ jáde. Mo ní kò yé mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé búrẹ́dì sí méjì, ó tún un gé sí mẹ́rin. Ó yé mi. A jẹ ìdáhùn náà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ìyókù ìwé ti lọ jìnnà. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn ni mo fi ń wọn pákó dòní.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yunifásítì, ó ní kí n bá òun tún àga náà ṣe. Ẹsẹ̀ kan ti kúrú. Mo fi igi dúdú lé e nídìí, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo kan ìṣó sí i. Ó gbé e lọ lórí alùpùpù, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: Kò yé mi. Ó fi àmì ohùn sórí rẹ̀ dáadáa. Mo bi í pé ṣé àmì yẹn tó nǹkan. Ó ní, "Ìwọ náà yọ ìṣó kan kúrò lára àga, kí o wá jókòó lé e."

Báyìí ló ṣe ń lò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa jókòó síbẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Á sọ ohun kan tí kò yé e. Kò ní parọ́. Ọ́fúsáìdì inú bọ́ọ̀lù ni. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ọ́fúsáìdì fún òun. Àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á yàwòrán sí pátákó, wọ́n á bọ́ bàtà tò sílẹ̀ bí ẹni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ni, wọ́n á bá ara wọn jà lórí bàtà ta ló wà lẹ́yìn bàtà ta. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀. Ọdọọdún ló ń yé e, ọdọọdún ló tún ń fò lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, àga di ti gbogbo wọn. Ẹni tí nǹkan kò bá yé á lọ jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní àtẹ́wọ́ náà ń dẹ́rù ba èèyàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ṣàlàyé. Bí kò bá yé e, ẹlòmíì á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. "À á sọ ọ́ títí á fi yé." Ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Àǹtí Títí-á-fi-yé.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ẹni tó jókòó tì í gbọ́dọ̀ bá a tún un sọ. Ó pẹ́ kó tó jókòó sórí àga náà. Á lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, á gbọ́wọ́ lé e, á tún padà. Ẹ̀gbọ́n mi kò pè é, kò wò ó. Lọ́jọ́ kan ó jókòó. Wọ́n ṣàlàyé fún un títí aago fi lù, tí kíláàsì mìíràn fi ń kanlẹ̀kùn. Ó yé e. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò tún dákẹ́ mọ́? Òun ló wá di ẹni tó ń bá àwọn ẹlòmíì ṣàlàyé, pẹ̀lú ohùn kékeré yẹn, tí gbogbo kíláàsì á pa rọ́rọ́ kí wọ́n lè gbọ́.

Ìdánwò dé. Nínú kíláàsì àwọn yòókù, ńṣe làwọn ọmọ ń ṣubú lura wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi yege. Ọ̀gá ẹ̀ka ránṣẹ́ pè é.

Ọ̀gá ẹ̀ka yìí, ọkùnrin tó máa ń lá súìtì tútù lẹ́nu ni. Gbogbo èèyàn ni "ọmọ mi" lọ́dọ̀ rẹ̀, títí kan àwọn tó bí ọmọ jù ú lọ. Ó bi í pé kí ni ó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un. Ọ̀gá ní ó dáa. Ó ní ọjọ́ kan wà lọ́dún tí gbogbo olùkọ́ ń péjọ sí gbọ̀ngàn ńlá, tí wọ́n ń sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tó fi ń wọlé, bí a ṣe ń gbé èyí tó ń ṣubú dìde. Ọjọ́ Ìpín-Ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí ó wá fi àga náà hàn wọ́n. "Fi hàn wọ́n, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ kò ní pẹ́ yanjú."

Ẹ̀gbọ́n mi délé, ó ń jó láàárín ilé ìdáná. Màmá wa wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ ni wọ́n. Wọn kò dá ẹ̀rọ dúró.

Wọ́n ní, "Má sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ló dé.

"Èmi, tí mo bá ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, mo máa ń fi gígé ọrùn pamọ́ di ìgbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti mọ ọrùn gé, kò wá mọ́."

"Màámi, ìwé kì í ṣe ọrùn aṣọ."

Màmá wa ní, "Ọrùn ni."

Èmi ni mo bá a ru àga lọ lọ́jọ́ náà. Mo dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó gorí àga, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ọ́fúsáìdì fún òun. Inú wọn dùn. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan bọ́ bàtà, ó ní bàtà òun ni gólì. Ẹnì kejì ní bàtà náà ti fẹjú tó bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù ò lè ṣàì wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi nǹkan kan pamọ́. Pé olùkọ́ ló ń kọ́kọ́ jókòó. Pé olùkọ́ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Pé kò sí ẹ̀rín, kò sí àtẹ́wọ́. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó wò mí láti orí àga lọ́hùn-ún. Èmi náà wò ó.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ra àga. Àga irin ni, wọ́n kùn ún lọ́dà pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gbogbo kíláàsì. Wọ́n ní kí pẹ́ńtà yunifásítì kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn wọn. Ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà: KO YE MI. Kò sí àmì lórí, kò sí nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a. Pẹ́ńtà ní lẹ́tà ni wọ́n rán òun, wọn kò rán òun ní àmì, àti pé àmì ń jẹ ọ̀dà. Ó lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka. Ìyẹn ní, "Ọmọ mi, yunifásítì nìyí. Ta ni kò ní mọ̀ ọ́n kà?"

Wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ fi kà á ní "Kò yẹ mí." Ìyẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín ju tàkọ́kọ́ lọ, nítorí náà òun ló dúró. Àwọn olùkọ́ náà gbà á lò. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, lọ sórí Kò-yẹ-mí. Ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, lọ sórí Kò-yẹ-mí, kọjú sí wa. Kò sí olùkọ́ tó ń kọ́kọ́ jókòó. Mi ò mọ ẹni tó dá àtẹ́wọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, pá, pá, pá, bí ẹni ń ka àṣìṣe, lẹ́yìn náà gbogbo kíláàsì á gbè é.

Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìròyìn yunifásítì pé ọ̀nà tuntun ti dé, gbogbo ẹ̀ka ló ń lò ó.

Jẹ́jẹ́ ti bọ́ sí ọdún kejì. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ mìíràn ló wà. Ó wọlé, ó rí àga pupa níwájú. Ó kà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kà. Ohun kan kò yé e lọ́jọ́ yẹn, ló bá dìde fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rán an, ó lọ jókòó. Ó ní, "Kò yé mi."

Kò sẹ́ni tó gbọ́, ohùn rẹ̀ kéré. Olùkọ́ ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Olùkọ́ yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ wò ó, a ò tíì rán an. Ó ti mọ̀ fúnra ẹ̀ pé kò yẹ òun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó rò pé wọ́n á dáwọ́ dúró, kí ẹnì kan wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó jókòó, ó ń dúró de àlàyé. Ìyẹn ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù.

Ó wá sí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn lẹ́yìn náà. Ó dúró sẹ́yìn àga wa, ó gbọ́wọ́ lé e bíi ti àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jókòó. Kò jókòó. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó ẹrù rẹ̀, ó bá ọ̀nà ilé lọ. Kò padà mọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń mú ṣọ́ọ̀kì kiri. Bí kíláàsì bá ti ṣófo, á wọlé, á fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àga. Bó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n ti nù ún. Á tún fi sí i. Mo ní kó jáwọ́, àwọn tó ń bá jà kò mọ̀ pé ìjà ń lọ. Ó ní àmì kékeré ni. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ra ọ̀dà. Wọ́n fi àmì sí abẹ́ "E" lára gbogbo àga, wọ́n sì fa ọ̀kan lé orí "MI". Ọ̀dà kò ṣeé nù bíi ṣọ́ọ̀kì.

Ìpàdé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó wọ aṣọ tí màmá wa rán fún un. Ó sọ bó ṣe lọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń fá pákó lọ́wọ́.

Ó ní òun wọlé, wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì gígùn. Àga pupa kan ló dá wà níwájú wọn.

Ọ̀gá ẹ̀ka ní, "Jókòó, ọmọ mi. Àga ẹ ni."

Ó jókòó. Wọ́n bi í pé kí ni ohun tuntun tó ní tó fi yẹ kí wọ́n gbà á pátápátá. Ó ní ọ̀nà tí òun fi ń kọ́ ọmọ ni. Wọ́n ní ìyẹn ti wà ní gbogbo ẹ̀ka, ti yunifásítì ni. Kí ni òun ní tí wọn kò ní? Ó ní àga ni wọ́n ní, wọn kò ní ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan tó wọ gíláàsì bi í pé ṣé lóòótọ́ ni ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ba ohun ìní yunifásítì jẹ́. Ó ní àmì ohùn ni òun ń fi sí i. Wọ́n wo ara wọn.

Ọ̀gá ẹ̀ka ti súìtì ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ó dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn àga. Ó ní, "Bá wa kà á. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé e, kò rí i. Ó ní, "Kò yé mi."

"Àmì abẹ́ ni èmi rí níbí o, ọmọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó wọ gíláàsì bọ́ gíláàsì, ó ń nu ojú.

Mo dá ìfági dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó ń ṣa ìfọ́ igi nílẹ̀, ó ń tò ó jọ. Ó ní, "Mo kàn rò pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, wọn kì í fi í rẹ́rìn-ín ni."

Wọn kò gbà á. Àdéhùn ọdọọdún náà, wọn kò tún un ṣe. Wọ́n ní ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn padà di ti korobá. Ó fẹ́ gbé àga wa wálé, wọ́n ní wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i lára lọ́jọ́ Ìpín-Ọgbọ́n, ohun ìní ilé ẹ̀kọ́ ni.

Nígbà tó sọ ọ́ fún màmá wa, wọn kò dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ní, "Ọrùn ni mo sọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ nílé wọn, láti ilé dé ilé. Ó ń rìn, oòrùn ń pa á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ó ní oògùn funfun nìyí, pupa nìyẹn, èyí ṣáájú oúnjẹ, ìyẹn lẹ́yìn ẹ̀, bí orí bá fọ́ kí ó fi èyí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ má bínú, kò yé mi." Dókítà ti pe ẹni tó kàn. Ó ní kó ṣáà máa lò ó.

Yàrá àlejò ilé kan ló ti ṣubú, ó ń ṣàlàyé ìdá mẹ́rin fún ọmọ kan lọ́wọ́, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ọmọ náà rò pé ara àlàyé ni.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìpín-Ọgbọ́n tún dé, ọ̀gá ẹ̀ka ránṣẹ́ sílé pé wọ́n fẹ́ rántí rẹ̀. Màmá wa ní àwọn kò lọ. Mo wọ kóòtù, mo lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá lọ: mo fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé fún mi. Mo rò pé bí mo bá jókòó sórí àga níwájú gbogbo wọn, tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde.

Gbọ̀ngàn kún, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà sẹ́yìn. Àlejò wá láti àwọn yunifásítì mìíràn, wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àga pupa kan wà lórí pèpéle, wọ́n fi òdòdó so ó lápá. Wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn ún, KO YE MI, àmì kankan kò sí. Ọ̀gá ẹ̀ka sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀ka òun ló dá a sílẹ̀. Ó ní arábìnrin kan tó ti sinmi ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó ní àbúrò rẹ̀ nìyí, ọmọ òun, kí ó gorí àga kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ ráńpẹ́.

Mo gun orí pèpéle. Mo jókòó. Irin náà tutù. Mo ní, "Kò yé mi."

Pá, láti ẹ̀yìn. Pá. Pá.

Àwọn ọmọ ni. Mi ò rò pé wọ́n fẹ́ bú mi. Ohun tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nìyẹn, ẹnì kan jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn olùkọ́ gbè é. Àwọn àlejò wo ọ̀tún, wo òsì, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo rí obìnrin kan nínú wọn tó dáwọ́ dúró díẹ̀ kó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka dúró tì mí, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń mi orí.

Mo dúró dè é kó tán. Mo ya ẹnu mi, mo fẹ́ bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ sì lé e. Àtẹ́wọ́ bo ohùn mi. Ọ̀gá ẹ̀ka gbá mi léjìká, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, àkókò ti lọ." Mo sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́nu géètì, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jókòó sórí àga kan. Mo rí igi dúdú nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Mo dúró. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, bàbá, àga ilé wa ni ẹ jókòó lé yìí. Wọ́n dìde, wọ́n wò ó, wọ́n fi nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn mí. Wọ́n ní àwọn gbà mí gbọ́, àmọ́ bí àwọn bá jẹ́ kí n gbé e kọjá géètì, àwọn náà á tẹ̀ lé e.

Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní káfíńtà. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti ń mì lábẹ́ àwọn láti ìjẹta, kí n jọ̀ọ́ bá àwọn wò ó.

Mo dojú rẹ̀ dé. Ìṣó mi ti yọ díẹ̀. Mo wá òkúta, mo gbá a wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ́ féfé, kò sí ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀ mọ́. Mo gbé e dúró, mo fi ọwọ́ mì ín. Kò mì.

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jókòó padà.

Nígbà tí mo délé, màmá wa bi mí pé kí ni wọ́n sọ.

Mo ní wọ́n pàtẹ́wọ́.